Ẹsẹ̀ Tí Kò Gbọ́ Àṣẹ Mọ́

Ta ni nínú wa tí kò tí ì rí ẹni tí àrùn rọmọlápárọmọlẹ́sẹ̀ bá jà ní kékeré, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan sì tín-ín-rín ju èkejì lọ? Ìyá rẹ̀ fi òróró ra á. Ó fún un ní ẹ̀wà àti ẹyin. Síbẹ̀ ẹsẹ̀ náà ń joro sí i. Àwọn aládùúgbò sì wí pé ìyá ni kò tọ́jú ọmọ. Ọ̀ràn kò rí bẹ́ẹ̀.

Ẹran ara tí a fi ń rìn kì í dá iṣẹ́ ṣe. Iṣan tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni ó ń ti inú ọ̀pá ẹ̀yìn mú àṣẹ wá fún un. Ẹ jẹ́ kí a pè é ní iṣan ajíṣẹ́. Níbi tí ó ti kan ẹran, ó ń tú èròjà kan tí à ń pè ní acetylcholine sílẹ̀, nígbà náà ni ẹran yóò súnkì. Orísun iṣan yìí ni àrùn náà ń pa. Iṣan tí a fi ń mọ ìrora kò kú, nítorí náà ni ọmọ náà fi ń mọ̀ bí a bá fọwọ́ kàn án.

Baálé ilé kú, ilé di ahoro. Lójoojúmọ́ ni ẹran ara ń wó ara rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, tí ó sì ń tún ara rẹ̀ kọ́. Bí iṣan ajíṣẹ́ bá kú, wíwó a borí kíkọ́: ẹran náà a fi àmì sára èròjà tí a fi mọ ọ́n, a sì gé e wẹ́wẹ́. Kì í lè gba ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ dáadáa mọ́. Etí tí ó fi ń gbọ́ acetylcholine, tí ó ti wà lójú kan, a tàn ká gbogbo ara rẹ̀, bí ẹni tí ń tẹ́tí sí ohùn tí kò dún mọ́. Bí ó bá pẹ́, ọ̀rá àti àpá a gba ipò rẹ̀. Oúnjẹ dára, ṣùgbọ́n òun nìkan kò lè rọ́pò àṣẹ.

Nítorí náà, ẹ má ṣe dá ìyá náà lẹ́bi, ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ipá fa ẹsẹ̀ náà. Iṣan tí ó ṣẹ́kù láàyè a máa yọ ẹ̀ka sí ẹran tí ó di aláìní. Ìdárayá pẹ̀lẹ́, tí onímọ̀ bá kọ́ni, a sì máa ràn án lọ́wọ́.

Èyí tí ó ti kú kò ní oògùn. Ṣùgbọ́n ẹ̀kán oògùn méjì lẹ́nu ọmọ, nígbà kọ̀ọ̀kan tí a bá pè é, ni ìdènà rẹ̀. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2020 ni a kéde pé ògidì àrùn náà ti kúrò ní ilẹ̀ Áfíríkà. Síbẹ̀ irú rẹ̀ mìíràn ń yọjú níbi tí ọ̀pọ̀ ọmọ kò bá ti gba oògùn. Ẹ gbé àwọn ọmọ yín lọ gbà á.