Ẹ Pa Jẹnẹrétọ̀, Kí A Lè Gbọ́ Rédíò

Bí iná ìjọba bá ti lọ lálẹ́ ní àdúgbò wa, bàbá tó ń gbé ilé kejì sí tiwa á jáde, wọn á fa okùn jẹnẹrétọ̀ wọn lẹ́ẹ̀mẹ́ta, lẹ́ẹ̀mẹ́rin, títí yóò fi dáhùn. Ìròyìn ni wọ́n fẹ́ gbọ́. Ṣùgbọ́n ariwo jẹnẹrétọ̀ náà kì í jẹ́ kí wọ́n gbọ́ ọ, nítorí náà wọn á yí rédíò sókè. Ará ilé kẹta, tí òun náà ń gbọ́ tirẹ̀, á tún yí tirẹ̀ sókè. Kí ó tó pẹ́, gbogbo àdúgbò á ti máa hó yèè, kò sì sí ẹni tó mọ ohun tí oníròyìn ń sọ mọ́. Epo la fi ń ra ariwo, epo náà la tún fi ń bá ariwo jà.

Ẹni tó fẹ́ lọ aṣọ tàbí tó ní ẹja nínú fíríìjì lè tan jẹnẹrétọ̀, n kò bá a jà. Rédíò àti rẹ́kọ́dà inú ilé ni tèmi. Mo ní bátìrì tó ṣeé ṣáàjì ló yẹ kó máa gbé wọn, kì í ṣe jẹnẹrétọ̀.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ó. Rédíò orí tábìlì tó ń jẹ watt 5 la fẹ́ gbọ́. Jẹnẹrétọ̀ kékeré tí a ń pè ní “I better pass my neighbour” lè gbé ju watt 600 lọ. Ó dà bí ìgbà tí èèyàn gbé tírélà lọ ra àkàrà. Ẹ́ńjìnnì ọ̀hún kò sì mọ̀ pé rédíò lásán ni òun gbé. Bó bá ti ń yí, epo ló ń mu. Ẹ wá wo bátìrì volt 12, ampere-hour 7, irú èyí tó máa ń wà nínú UPS kọ̀ǹpútà. 12 lọ́nà 7 jẹ́ 84. Bátìrì olójé kò fẹ́ kí a fà á gbẹ, nítorí náà ẹ jẹ́ ká lo ìdajì péré, 42. Ẹ pín in sí ọ̀nà 5: ó ju wákàtí 8 lọ!

Àwọn àgbà a máa sọ pé ohùn bátìrì kì í dùn bíi ti iná gidi. Pẹ̀lú ọ̀wọ̀, kò rí bẹ́ẹ̀. Iná ìjọba máa ń lọ síwá-sẹ́yìn ní ìgbà 50 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, rédíò kò sì lè lò ó bẹ́ẹ̀. Tiransifọ́mà á kọ́kọ́ dín in kù, àwọn ẹ̀yà mìíràn á wá sọ ọ́ di iná tó ń lọ síbì kan ṣoṣo, irú èyí tí bátìrì ń mú wá gan-an. Bí iṣẹ́ yẹn kò bá dán mọ́rán, ẹ ó máa gbọ́ “hùùù” lábẹ́ orin. Bátìrì kò ní hùùù.

Wọ́n ní bátìrì wọ́n. Òótọ́ ni, owó rẹ̀ kì í ṣe kékeré lẹ́ẹ̀kan náà. Ṣùgbọ́n láti May 2023 tí wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo, lítà tí kò tó 200 náírà ti fò kọjá 500 láàárín ọjọ́ díẹ̀, kò sì padà síbẹ̀ mọ́. Ilé tó ń sun lítà kan lálẹ́ ń sun 30 lóṣù. Ẹ fi iye tí ẹ ra lítà kan lánàá sọ ọ́ di púpọ̀, kí ẹ wá lọ béèrè iye bátìrì lọ́jà. Níbo la ó ti rí iná ṣáàjì rẹ̀? Iná tí wọ́n máa ń mú wá ní agogo méjì òru, ta ló ń lò ó?

Èyí tó ń bà mí lẹ́rù jù nìyí. Nítorí olè, àwọn kan ń gbé jẹnẹrétọ̀ sínú ọ̀dẹ̀dẹ̀. Carbon monoxide wà nínú èéfín rẹ̀. Kò ní òórùn, kò ní àwọ̀, ẹni tó ti sùn kò sì ní mọ̀ pé òun ń kú lọ. Ẹ̀ẹ̀melòó la ti gbọ́ ọ nínú ìròyìn pé wọ́n bá tọkọtaya àtàwọn ọmọ wọn ní òkú láàárọ̀? Torí àtigbọ́ ìròyìn yẹn náà ni àwọn mìíràn fi ń tan tiwọn nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀.

Bátìrì náà lè ṣeni léṣe. Ẹ má ra bátìrì lithium tí wọ́n tú kúrò nínú kọ̀ǹpútà àlòkù, tí wọ́n fi téèpù wé. Ó lè gbiná. Ẹ má sì fọ́ bátìrì olójé tó ti kú sí àgbàlá, nítorí òjé ń ba ọpọlọ ọmọdé jẹ́. Èmi fúnra mi ti so wáyà òdì sí òdì rí, rédíò màmá mi sì jóná. Ẹbi tèmi ni. Àmọ́ ẹ̀yin olùkọ́ wa, ẹ má bínú, ẹ ti ya bátìrì sójú pátákó fún wa ní kíláàsì Físíìsì títí, n kò fọwọ́ kan ọ̀kan níbẹ̀ rí. Orí rédíò màmá mi ni mo ti ṣe ìdánwò mi àkọ́kọ́.

Ẹ̀yin òbí, lálẹ́ òní, kí ẹ tó fa okùn, ẹ yí rédíò yín padà kí ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀. Bí ẹ bá rí “DC 6V” tàbí “DC 12V” lẹ́gbẹ̀ẹ́ ihò kékeré kan, ihò bátìrì nìyẹn. Kí ẹ ṣáà rí i pé volt bátìrì bá èyí tí wọ́n kọ síbẹ̀ mu, kí àmì àròpọ̀ àti àmì ìyọkúrò má sì ṣe ṣìpò.