Kí Ló Dé Tí Ẹ Ń Sáré Tẹ̀lé Ọ́ọ̀dì Tó Já?

Olóòtú,

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fi ọ̀rọ̀ yìí sínú ìwé ìròyìn yín. Télọ̀ ni mí ní Lálùpọn níhìn-ín. Ṣọ́ọ̀bù tẹ́tẹ́ kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tèmi, kò sì sí ohun tí wọ́n ń sọ níbẹ̀ tí n kì í gbọ́.

Ariwo kan ló mú mi kọ̀wé. Ọjọ́ Sátidé ni wọ́n máa ń pa á: "Ọ́ọ̀dì ti já! Wọ́n ti mọ̀ ọ́n!" Bí ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù kan bá wà ní 5.00 láàárọ̀, tó wá di 2.20 lọ́sàn-án, àwọn ọmọ wa á ní eré náà ti di títà nìyẹn, wọ́n á sáré lọ yá owó. Ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi kó ₦45,000 owó àjọ lọ bẹ́ẹ̀. Ẹgbẹ́ náà fìdí rẹmi. Èmi àti ìyá rẹ̀ la jọ san án.

Ẹ jẹ́ ká rò ó. Bí owó bá ń rọ́ lọ síbì kan, oní-tẹ́tẹ́ á dín ohun tó máa san kù kí gbèsè má baà pa á. Ẹni tó fi ₦1,000 ta láàárọ̀ á gba ₦5,000 bó bá jẹ. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ dé lọ́sàn-án, ₦2,200. Ewu kan náà lẹ jọ gbé. Mi ò ní wọn kì í ta eré o. Ṣùgbọ́n ẹni tó mọ̀ ti jẹ ẹran tán, eegun ló kù fún yín.

Àwa àgbà mọ tẹ́tẹ́ ẹṣin. Pápá ẹṣin wà l'Ékòó kí wọ́n tó sọ ọ́ di Tafawa Balewa Square ní 1972. Ẹ wá gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ilẹ̀ Ireland ní ọjọ́ 26 oṣù kẹfà ọdún 1975. Ọkùnrin kan, Barney Curley, ní ẹṣin kan tó ń jẹ́ Yellow Sam, tí ẹnikẹ́ni ò kà sí. Ó rán àwọn èèyàn lọ sí ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù káàkiri ìlú pé kí wọ́n ta lé e nígbà tó bá kù díẹ̀ kí eré bẹ̀rẹ̀. Iye tó bá wà lórí pápá nígbà tí ẹṣin bá gbéra ni ṣọ́ọ̀bù máa san. Ká ní àwọn oní-ṣọ́ọ̀bù rí ẹni wọn bá sọ̀rọ̀ lórí pápá ni, wọn ì bá já a wálẹ̀. Àmọ́ tẹlifóònù kan ṣoṣo ló wà ní pápá Bellewstown, ọ̀rẹ́ Curley kan sì ti dì í mú, ó ń bá àǹtí rẹ̀ tó ń kú lọ sọ̀rọ̀. Àǹtí wo? Irọ́ ni! Iye náà dúró sórí 20 sí 1, ẹṣin gba ipò kìíní, Curley kó ohun tó lé ní £300,000.

Ṣé ẹ rí i? Ẹni tó mọ̀ kò fẹ́ kí ọ́ọ̀dì já. Gbogbo ọgbọ́n tó dá, kó má baà já ni.

Ní ọjọ́ 22 oṣù kọkànlá ọdún 2024, Ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ dá a pé ọ̀rọ̀ lọ́tìrì àti irú rẹ̀ wà lọ́wọ́ ìpínlẹ̀. Nítorí náà, ẹ̀yin aṣòfin wa n'Íbàdàn, ẹ má sọ pé ti Àbújá ni. Ẹ ṣòfin kí ṣọ́ọ̀bù tẹ́tẹ́ kọ ọ́ gàdàgbà sára ògiri pé ọ́ọ̀dì tó já, owó tí wọ́n máa san ló dín kù, kì í ṣe pé ẹgbẹ́ náà ti borí. Kí wọ́n sì kọ ọ́ ní Yorùbá. Òyìnbó ni gbogbo ohun tó wà lára ògiri aládùúgbò mi.

Télọ̀ àgbà,
Lálùpọn.