Iná Tí Kò Ní Èéfín: Oorun Alẹ́ Nínú Ọkọ̀ Oníná Mànàmáná

 

Sísùn sí ìgbẹ́ kò ṣàjèjì sí Yorùbá. Nígbà tí iṣẹ́ oko bá pọ̀, abà ni àwọn baba wa ń sùn títí wọn yóò fi kórè tán. Ọdẹ a sì máa pẹ́ nínú igbó kí ó tó kó ẹran rẹ̀ wálé. Iṣẹ́ ni ó ń mú wọn sùn síta. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí ọ̀pọ̀ ọmọ wa ti fìdí kalẹ̀, fàájì ni pípàgọ́ jẹ́. Bí àwọn ọmọ bá ti gba ìsinmi ní ilé ẹ̀kọ́, ìdílé a di ẹrù sínú ọkọ̀, wọn a lọ sí ẹ̀bá òkè tàbí ẹ̀bá omi, wọn a pàgọ́, wọn a sì sun ibẹ̀ mọ́jú. Ohun tí ó wá jẹ́ tuntun ni pé àwọn kan kò wọ inú àgọ́ mọ́. Inú ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ wọn ni wọ́n ń sùn, pàápàá jù lọ àwọn tí wọ́n ní ọkọ̀ oníná mànàmáná, èyí tí kì í lo epo rárá.

Oorun inú ọkọ̀ yìí ni mo fẹ́ bá yín sọ lọ́sẹ̀ yìí. Ó kan ẹ̀mí, ó sì kan bí àwa ọmọ ṣe ń bá àwọn òbí wa sọ̀rọ̀ nígbà tí ohun tuntun bá wọlé.

Nígbà ìsinmi ọdún Àjíǹde, mo lọ kí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin àti ọkọ wọn ní Manchester. Màmá wa náà wà níbẹ̀. Ìbàdàn ni wọ́n ti wá wo àwọn ọmọ-ọmọ wọn. Ìdílé náà ti pinnu láti lọ pàgọ́ ní Lake District, agbègbè olókè àti oníadágún ní ìhà àríwá ìwọ̀-oòrùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ọdún 1951 ni ìjọba sọ agbègbè yìí di ọgbà ìtura orílẹ̀-èdè, àjọ UNESCO sì kà á mọ́ àwọn ibi àjogúnbá àgbáyé ní ọdún 2017. Ibẹ̀ ni Windermere wà, adágún tí ó tóbi jù lọ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Láti Manchester dé etí adágún náà tó nǹkan bíi 130 kìlómítà. Ètò tí a ṣe ni pé kí ẹ̀gbọ́n mi, ọkọ wọn àti ọmọ wọn méjèèjì sùn sínú àgọ́, kí èmi àti Màmá sì sùn sínú ọkọ̀, nítorí pé òtútù alẹ́ oṣù kẹrin níbẹ̀ kì í ṣe kékeré, kò sì yẹ kí àgbàlagbà máa sùn sórí ilẹ̀ tútù.

Ìgbà tí a débẹ̀ tí ilẹ̀ ṣú ni Màmá kọ̀ jálẹ̀. Wọ́n ní àwọn kò ní sùn sínú ọkọ̀ tí a ti gbogbo ilẹ̀kùn rẹ̀ pa tí ẹ̀rọ rẹ̀ sì ń ṣiṣẹ́. Àwọn ọmọ bú sẹ́rìn-ín. Èmi kò lè bá wọn rẹ́rìn-ín, nítorí mo mọ ohun tí Màmá ń rántí. Ní àdúgbò wa nílé, tọkọtaya kan àti ọmọ wọn sùn lálẹ́ ọjọ́ kan, wọn kò sì jí mọ́. Èéfín jẹnẹrétọ̀ tí wọ́n gbé sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni ó pa wọ́n. Màmá wà lára àwọn tí wọ́n já ilẹ̀kùn ilé náà láàárọ̀ ọjọ́ kejì.

Ẹ̀rù Màmá lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ibikíbi tí epo bẹntiróòlù, dísù, èédú, igi tàbí gáàsì ìdáná bá ti ń jó láìrí afẹ́fẹ́ tó, afẹ́fẹ́ olóró kan tí ń jẹ́ carbon monoxide a máa jáde. Kò ní àwọ̀, kò ní òórùn. Bí ènìyàn bá ti fà á sínú, inú ẹ̀jẹ̀ ni ó ń lọ, ibẹ̀ ni ó sì ti ń gba ipò tí ó yẹ kí afẹ́fẹ́ tí a fi ń mí wà. Orí a máa fọ́ni, òòyì a máa kọ́ni, èébì a máa gbéni, oorun a sì máa kunni. Ẹni tí ó ti sùn tẹ́lẹ̀ kò ní mọ èyíkéyìí nínú àmì wọ̀nyí, oorun rẹ̀ yóò kàn máa jinlẹ̀ sí i ni. Ìdí nìyí tí sísùn sínú ọkọ̀ elépo tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ fi léwu, yálà nínú gáréèjì ni o, tàbí ní ìta gbangba níbi tí yìnyín tàbí ẹrẹ̀ ti lè dí ẹnu ibi tí èéfín ń gbà jáde.

Ìbéèrè tí Màmá wá bi wá ni ó wù mí jù lọ, nítorí pé inú èdè wa ni ó ti jáde. Wọ́n ní, "Ẹ̀yin náà ni ẹ ń pè é ní ọkọ̀ oníná. Iná wo ni kò ní èéfín?"

Ẹ jẹ́ kí a wò ó dáadáa. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni Yorùbá ń lò fún iná tí ń jó lábẹ́ ìkòkò àti iná tí ń tàn nínú gílóòbù. Nígbà tí iná ìgbàlódé dé, àwọn baba wa rí i pé ó jọ ohun tí ń kọ mànà lójú ọ̀run nígbà òjò, wọ́n sì fi orúkọ yẹn kún un, ó di iná mànàmáná. Èyí tí ìjọba ń fà wá sílé, wọ́n pè é ní iná ọba. Síbẹ̀, iná náà ni. Ẹni tí ó bá gbọ́ "ọkọ̀ oníná" tí ó sì bi wá níbi tí èéfín rẹ̀ ń gbà, èdè rẹ̀ ni ó tẹ̀ lé, ìbéèrè rẹ̀ sì bọ́gbọ́n mu.

Ọkọ ẹ̀gbọ́n mi ni wọ́n dá Màmá lóhùn bí ó ti yẹ. Wọ́n tan tọ́ọ̀ṣì, wọ́n mú Màmá lọ sí ẹ̀yìn ọkọ̀, wọ́n ní kí Màmá wá páìpù èéfín tí àwọn mẹkáníìkì ń pè ní sàlẹ́ǹsà. Màmá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n wò ó títí, wọn kò rí i. Kò sí níbẹ̀ nítorí pé ọkọ̀ náà kò ní ohun tí yóò gbà á jáde. Bátìrì ńlá kan tí wọ́n tẹ́ sábẹ́ ọkọ̀ ni ó ń yí táyà rẹ̀, òun náà ni ó sì ń gbé ẹ̀rọ tí ń mú inú ọkọ̀ gbóná ṣiṣẹ́. Ohunkóhun kò jó nínú rẹ̀. Bí ẹ̀rọ amúlétutù ṣe lè ṣiṣẹ́ nínú yàrá mọ́jú lórí iná ọba láìrú èéfín, bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni.

Màmá gbà. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kejì tẹ̀ lé e, òun ni ó sì yẹ kí gbogbo ẹni tí ó bá fẹ́ sùn sínú irú ọkọ̀ yìí kọ́kọ́ bi ara rẹ̀: bí ó bá ń mú wa gbóná mọ́jú, kí ni yóò gbé wa délé? Wọ́n ní àgbà tí ó bá jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé.

A bẹ̀rẹ̀ ìṣirò. Bátìrì ọkọ̀ náà ń gba nǹkan bíi 75 kilowáàtì-wákàtí bí ó bá kún. Ó kún nígbà tí a kúrò ní Manchester. Nígbà tí a débẹ̀, ìdá 68 nínú ọgọ́rùn-ún ni ó kù, èyí tí í ṣe 51. Bí ẹ̀rọ amúgbóná bá ń jẹ kilowáàtì kan ní wákàtí kọ̀ọ̀kan, oorun wákàtí mẹ́sàn-án yóò jẹ 9, yóò ku 42. Ìrìn àjò padà sílé yóò jẹ nǹkan bíi 24, yóò sì ku 18. Iye tí ó lè gbé wa dé ilé kí ó sì tún ṣẹ́kù wà níbẹ̀. Màmá ní kí a tún un kà. A tún un kà. Wọ́n bá ká aṣọ wọn mọ́ra, wọ́n wọlé.

Wọ́n ti tẹ́ àga ẹ̀yìn mọ́lẹ̀, wọ́n sì tẹ́ fóòmù lé e. A fi ooru inú ọkọ̀ sí ìwọ̀n 18 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Kò sí ariwo ẹ́ńjìnnì, ọkọ̀ kò sì gbọ̀n. Afẹ́fẹ́ jẹ́jẹ́ àti òjò tí ń kan òrùlé ni a ń gbọ́. Màmá jí lẹ́ẹ̀mejì lóru, wọ́n fọwọ́ kàn mí, wọ́n ní, "Ṣé o ń mí?" Mo ní, "Mo ń mí, Mà." Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ìdá 58 ni bátìrì wà. Oorun wa jẹ ìdá mẹ́wàá péré.

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ gbìyànjú irú oorun yìí, ẹ jẹ́ kí n to ohun tí ó yẹ kí ẹ mọ̀ fún yín.

Èkíní, ẹ wo ètò tí ọkọ̀ yín ní. Tesla ní èyí tí ń jẹ́ Camp Mode, tí í máa ń pa ooru, afẹ́fẹ́ àti iná inú ọkọ̀ mọ́ títí di àárọ̀. Hyundai Ioniq 5 àti Kia EV6 lè fún ohun èlò ilé ní iná tí ó tó 3.6 kilowáàtì, èyí tí ó ju ohun tí kẹ́tùlù oníná ń fẹ́ lọ. Síse lítà omi kan kò jẹ ju nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́wàá kilowáàtì-wákàtí kan lọ.

Èkejì, afẹ́fẹ́ títun ṣe pàtàkì. Àìsí èéfín kò ní kí ènìyàn má lo afẹ́fẹ́ tán nínú àyè kékeré. Ẹ ṣètò ẹ̀rọ kí ó máa fa afẹ́fẹ́ wọlé láti ìta, tàbí kí ẹ ṣí gíláàsì díẹ̀.

Ẹ̀kẹta ni èyí tí mo fẹ́ kí ẹ dì mú ju gbogbo rẹ̀ lọ: ẹ má ṣe gbé sítóòfù, gáàsì ìdáná tàbí èédú wọ inú ọkọ̀ tàbí inú àgọ́, kódà bí ó bá ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kú. Ọkọ̀ kò ní èéfín tirẹ̀, ṣùgbọ́n kò lè gbà yín lọ́wọ́ èéfín tí ẹ bá fi ọwọ́ ara yín gbé wọlé.

Ẹ̀kẹrin, ẹ jẹ́ kí aṣọ ṣe iṣẹ́ aṣọ. Kúbùsù tí ó nípọn àti fóòmù gidi yóò jẹ́ kí ẹ lè dín ooru kù, bátìrì yóò sì pẹ́. Òtútù líle a máa dín agbára bátìrì kù nínú ìrìn pẹ̀lú, nítorí náà ẹ fi àlékún sí ìṣirò ìrìn àjò padà. Àwọn ọgbà àgọ́ kan ní ojú iná tí ó ń gbé ámpíà 10. Ní òru wákàtí mẹ́wàá, ó lè fi nǹkan bíi 23 kilowáàtì-wákàtí kún bátìrì. Ẹ tọrọ àyè lọ́wọ́ onílé kí ẹ tó ki wáyà bọ̀ ọ́, nítorí pé kì í ṣe gbogbo wọn ni ó gbà kí a fi ṣáájì ọkọ̀.

Ẹ̀karùn-ún ni òfin. Kì í ṣe ibi tí ó bá ti wù wá ni a ń sùn sí. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹni tí yóò pàgọ́ níláti gba àṣẹ onílẹ̀ ní ọ̀pọ̀ ibi. Ní Scotland, òfin ọdún 2003 fún ènìyàn ní òmìnira láti pàgọ́ sórí ọ̀pọ̀ ilẹ̀, ṣùgbọ́n òmìnira náà kò kan ẹni tí ó wà nínú ọkọ̀. Ẹni tí ó bá sì ti mu ọtí kọjá ìwọ̀n, ẹ jẹ́ kí ó ṣọ́ra: ọlọ́pàá lè mú un fún wíwà ní ìkáwọ́ ọkọ̀, kódà bí kò bá wà á.

Ẹ̀yin tí ẹ wà nílé, tí ọ̀rọ̀ ọkọ̀ oníná ṣì jìnnà sí, ẹ̀kọ́ kan náà wà fún yín. Ẹ gbé jẹnẹrétọ̀ jìnnà sí ilé, jìnnà sí fèrèsé, kí ẹnu èéfín rẹ̀ kọjú sí ìta. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ kì í ṣe ibùgbé rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ilé ìdáná.

Ní ti àwa ọmọ, nígbà tí òbí wa bá kọ ohun tuntun tí a gbé kalẹ̀, ẹ jẹ́ kí a máa bèèrè ohun tí ojú wọn ti rí kí a tó rẹ́rìn-ín. Ohun tí wọ́n ń bẹ̀rù ti pa ènìyàn rí. Bí a bá fi sùúrù mú tọ́ọ̀ṣì, tí a fi hàn wọ́n pé ohun náà kò sí níbí, wọn yóò gbà. Wọn yóò sì tún bi wá léèrè ohun tí àwa kò tíì rò. Àjò kò lè dùn títí kí onílé má relé. Ẹ ka iye tí yóò gbé yín padà kí ẹ tó sùn.

Ó di ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀. Ire o.