Ẹ̀sùn Mẹ́fà Tí A Fi Kan Àwọn Oníṣòwò Fáíbà

Ẹ̀yin ilé-iṣẹ́ tó ń ta íntánẹ́ẹ̀tì fáíbà fún wa nílé, ní Èkó, ní Ìbàdàn, ní Abẹ́òkúta, àti níbi gbogbo tí pátákó ìpolówó yín bá wà, ẹ jókòó, a fẹ́ ka ẹ̀sùn yín. A kò ní í dárúkọ ẹnikẹ́ni. Ẹni tó ṣe é mọ ara rẹ̀, ẹni tí kò bá sì ṣe é kò ní í bínú.

Kí a tó bẹ̀rẹ̀, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ yọ ẹni tí kò jẹ̀bi sọ́tọ̀. Fáíbà fúnra rẹ̀ kò jẹ̀bi. Láti 1966 ni Charles Kao, ọmọ Ṣáínà tó ń ṣiṣẹ́ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ti fi hàn pé bí a bá lè yọ ìdọ̀tí kúrò nínú gíláàsì, ìmọ́lẹ̀ yóò gba inú rẹ̀ rìn jìnnà; ẹ̀bùn Nobel tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́ nítorí rẹ̀ ní 2009. Okùn MainOne gbéra láti ilẹ̀ Pọtogí, ó rin nǹkan bíi kìlómítà 7,000 lábẹ́ òkun, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Èkó ní 2010. Equiano ti Google gúnlẹ̀ síbẹ̀ ní 2022. Gbogbo ọ̀nà jíjìn yẹn, ìmọ́lẹ̀ kò sọnù. Àárín òpó ẹnu géètì wa sí pálọ̀ wa ló ti ń sọnù, ibẹ̀ gan-an sì ni ọwọ́ yín wà. Ohun kan ṣoṣo ló bí gbogbo ẹ̀sùn tí a fẹ́ kà yìí: lọ́dọ̀ yín, ọjọ́ tí owó wọlé ni iṣẹ́ ti parí. Lọ́dọ̀ wa, iṣẹ́ kò tíì bẹ̀rẹ̀.

Ẹ̀sùn kìíní: Ẹ ń gba owó lórí àyè tí ẹ kò ní

Ẹ mọ bí fáíbà ilé ṣe ń ṣiṣẹ́, àwa náà sì ti mọ̀ ọ́n. Okùn kan ló ń ti ọ́fíìsì yín bọ̀. Lójú ọ̀nà, ẹ ó pín ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ sí 32 tàbí 64, ilé kọ̀ọ̀kan á sì mú ọ̀kan. Àpótí tí ẹ so mọ́ òpó àdúgbò ní ihò tó níye, 8 tàbí 16 ló sábà máa ń jẹ́. Bó bá ti kún, ó kún nìyẹn, àfi kí ẹ gbé òmíràn wá.

Kọ̀ǹpútà yín ló yẹ kó kọ́kọ́ sọ iye ihò tó ṣófo. Ṣùgbọ́n ọmọ tí ẹ rán jáde láti tajà, iye ilé tó bá mú wá ni owó rẹ̀ dá lé. Kò ní í wo kọ̀ǹpútà kankan kó tó sọ pé, "Mọ́mì, ẹ ṣáà sanwó, láàárín wákàtí 48 ẹ ó ti máa lò ó." Mọ́mì á san owó ìsopọ̀, á san ti oṣù àkọ́kọ́ mọ́ ọn. Ẹ̀yìn ìgbà náà lẹ ó tó rán ẹni tí yóò wo àdúgbò, òun náà á sì padà wá jábọ̀ pé ihò ti kún. Láti ọjọ́ yẹn, bí mọ́mì bá pè, wọ́n á ní iṣẹ́ ń lọ lọ́wọ́. Bó bá ní òun fẹ́ gba owó òun padà, ó di pé kó kọ lẹ́tà, kó dúró de ẹ̀ka ìṣirò owó, kó dúró de ọ̀gá tó lọ ìsinmi.

Òfin ìdíje òwò àti ààbò oníbàárà ti 2018 kò fàyè gba kí a fi ọ̀rọ̀ tó ń ṣini lọ́nà tajà. Ẹ ò lè sọ pé ẹ kò mọ̀. Àpótí yín ni, ẹ̀yin lẹ gbé e kọ́.

Ẹ̀sùn kejì: Ẹ ń ka oṣù kí íntánẹ́ẹ̀tì tó tàn

Lọ́jọ́ tí àwọn oníṣẹ́ bá wá, wọ́n á fa wáyà wọlé, wọ́n á kan àpótí funfun mọ́ ògiri, wọ́n á ya fọ́tò rẹ̀, wọ́n á sì lọ. Lójú yín, ilé ti wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Lójú ẹni tó ń gbé ibẹ̀, iná pupa tí wọ́n kọ LOS sí ń ṣẹ́jú, ìyẹn ni pé ìmọ́lẹ̀ kankan kò wọlé. Tàbí kẹ̀, iná PON ń ṣẹ́jú, kò dúró: ìmọ́lẹ̀ dé, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ ńlá yín kò mọ àpótí náà rí, nítorí ẹnì kan ní ọ́fíìsì kò tíì kọ nọ́ńbà rẹ̀ sílẹ̀, kó sì so ó mọ́ ètò tí oníbàárà sanwó fún. Iṣẹ́ ìṣẹ́jú díẹ̀ ni. Bó bá ti bọ́ sí ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì, ó di ọjọ́ Ajé.

Ẹ̀rọ tó ń ka owó yín kì í sinmi ní tirẹ̀. Ọjọ́ tí owó wọlé ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í ka ọgbọ̀n ọjọ́. Ẹni tí íntánẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ tàn yóò rí àtẹ̀jíṣẹ́ gbà pé ètò òun fẹ́ parí, kí òun tètè sanwó.

Ní 2025, NCC, àjọ ìjọba tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ ìbánisọ̀rọ̀, pàṣẹ pé bí ìdákú ńlá bá ju wákàtí 24 lọ, kí ilé-iṣẹ́ wá ohun tó bá a mu ṣe fún oníbàárà, títí kan kí wọ́n fi ọjọ́ kún ọjọ́ rẹ̀. Bí ẹni tí íntánẹ́ẹ̀tì rẹ̀ dákú bá lẹ́tọ̀ọ́ sí àfikún ọjọ́, kí ni ẹ fẹ́ fún ẹni tí tirẹ̀ kò tàn rí?

Ẹ̀sùn kẹta: Ẹ ń ṣe iṣẹ́ jákujàku, ẹ sì ń fi ìwọ̀n rẹ̀ pamọ́

Gíláàsì inú wáyà yín kò fi bẹ́ẹ̀ nípọn ju irun orí lọ. Bí a bá ṣẹ́ ẹ kọ́rọ́ ní igun ògiri, ìmọ́lẹ̀ á máa jò dànù níbẹ̀. Bí a bá so ó gbọ̀jẹ̀gẹ̀ mọ́ òpó NEPA, atẹ́gùn á máa fì í, òjò oṣù Okúdù á sì parí èyí tó kù. Eruku díẹ̀ lẹ́nu ìsopọ̀ aláwọ̀ ewé tó ń wọ inú àpótí ti tó láti ba ohun gbogbo jẹ́, síbẹ̀ etí ṣẹ́ẹ̀tì ni àwọn oníṣẹ́ yín fi ń nù ún.

Gbogbo èyí ló ní ìwọ̀n. Ẹ̀rọ kékeré kan wà tí a ń ki ẹnu wáyà bọ̀ láti fi ka agbára ìmọ́lẹ̀, dBm sì ni wọ́n ń fi kà á. Bó bá ka -20, ara dá. Fún àpótí ilé tó wọ́pọ̀, -27 ni GPON, ìlànà tí fáíbà ilé ń lò, fi ṣe òpin. Kí ẹnikẹ́ni má rò pé méje péré ló wà láàárín wọn. Bí ìwọ̀n bá ti fi mẹ́ta lọ sílẹ̀, ìdajì ìmọ́lẹ̀ ti lọ. Ilé tó bá wà ní -27 ń gba ìdá kan nínú márùn-ún ohun tí ilé -20 ń gbà. Á ṣiṣẹ́ lójú oníṣẹ́ ní ọ̀sán gangan. Bí òjò bá rọ̀ lóru, ó di iná pupa.

Nọ́ńbà yìí kò ṣàjèjì sí yín. Ẹ̀rọ yín lè kà á láti ọ́fíìsì láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni gun àkàbà. Síbẹ̀, nígbà tí a bá pè, ohun tí ẹ máa ń ní ká ṣe ni pé ká pa àpótí, ká ka àádọ́ta, ká tún un tàn.

Ẹ̀sùn kẹrin: Ẹ sọ àwọn oníṣẹ́ yín di alágbe

"Wáyà tí wọ́n fún wa kò tó, ẹ fi nǹkan kún un." "A háyà àkàbà ni o." "Bọ̀ọ̀dá, ẹ rántí àwọn bọ̀ìsì." Bẹ́ẹ̀ ẹ ti gba owó ìsopọ̀ lọ́wọ́ wa.

Àwọn aládùúgbò á ní olè ni àwọn ọmọ wọ̀nyí. A kò gbà. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í ṣe òṣìṣẹ́ yín. Ẹ gbé iṣẹ́ fún agbaṣẹ́ṣe, agbaṣẹ́ṣe lọ kó wọn jọ, iye ilé tí wọ́n bá so lójúmọ́ ni owó wọn. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ kò lè dúró wọn ìmọ́lẹ̀. Kò lè tún wáyà tó ṣẹ́ fà. Kò lè jókòó títí ọ́fíìsì yóò fi gbé fóònù. Ẹni tó rán ni níṣẹ́ là ń bẹ̀rù, a kì í bẹ̀rù ẹni tí a ó jẹ́ ẹ fún. Ẹ̀yin lẹ rán wọn, ẹ̀yin lẹ kọ iye ilé sí wọn lọ́wọ́, ẹ kò sì kọ iye ìmọ́lẹ̀ sí i. Nígbà tí iṣẹ́ bá wá bàjẹ́, ẹ ó ní agbaṣẹ́ṣe náà kò bá yín ṣiṣẹ́ mọ́.

Ẹ̀sùn karùn-ún: Ẹnu yín ju ọjà yín lọ

Ẹ ta 100 Mbps. Oníbàárà fa fíìmù kan sórí kọ̀ǹpútà, ó rí 12 àti díẹ̀, ó pariwo pé wọ́n jí òun lówó. Kò sẹ́ni tó jí i: bíìtì lẹ fi tà á, báìtì ni kọ̀ǹpútà fi ń kà á, bíìtì mẹ́jọ ló sì wà nínú báìtì kan. Gbólóhùn kan péré nínú ìwé àdéhùn ì bá ti là á yé e, ẹ kò kọ ọ́.

Ẹ ta ètò "aláìlópin". Nínú ìlànà tí kò sẹ́ni tó ń kà, ẹ kọ ọ́ pé bó bá lo dátà dé iye kan, ẹ ó fa eré rẹ̀ wálẹ̀. Òpin wà níbẹ̀ nígbà náà. Ẹ kàn fi í sí ojú ìwé tí ojú kò tó ni.

Ẹ ta eré ńlá, ẹ wá fún un ní ráútà tó mọ 2.4 GHz nìkan, nínú ilé tí búlọ́ọ̀kù olóòró yí gbogbo yàrá ká. Fáíbà gbé eré dé pálọ̀, ráútà sì pa á síbẹ̀. Ìyá oníràìsì tó bá fi kóńgò tí ìdí rẹ̀ ti wọnú tajà lọ́jà Bódìjà, gbogbo ọjà ni yóò dìde sí i. Nítorí pé a kò fi ojú rí dátà lẹ ṣe ń rí èyí ṣe.

Ẹ̀sùn kẹfà: Ẹ ní ẹlẹgbẹ́

Ẹ̀sùn yìí kì í ṣe tiyín nìkan. Àwọn olóyè ẹgbẹ́ onílé ní ẹ̀sítéètì kan máa ń gba owó lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ kan, wọ́n á sì ti géètì mọ́ àwọn yòókù. Lẹ́yìn náà, kò sí ibi tí oníbàárà lè sá lọ mọ́, ẹ̀yin sì mọ̀ ọ́n, nítorí náà ni ẹ kì í fi gbé fóònù.

Àwọn ìjọba ìpínlẹ̀ náà wà níbẹ̀. Ní 2013, ìgbìmọ̀ ọrọ̀ ajé orílẹ̀-èdè, tí àwọn gómìnà wà nínú rẹ̀, fẹnu kò pé owó ilẹ̀ tí fáíbà ń gbà kọjá kò gbọ́dọ̀ ju 145 náírà lọ lórí mítà kan. Ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ padà sílé, wọ́n sì bù ú lé. Ní 2020, Èkìtì lábẹ́ Káyọ̀dé Fáyẹmí padà sí 145. Ó ṣeé ṣe nígbà náà. Gbogbo náírà tí ìpínlẹ̀ yòókù gbé lé e, orí owó oṣù wa ló ń bọ́ sí.

Ohun tí ẹ ó fi gbèjà ara yín

Agbọ́ ẹjọ́ ẹnì kan dá, àgbà òṣìkà ni. A ti gbọ́ tiyín. Àwọn tó ń ṣe títì máa ń fi katakata gé okùn yín, òótọ́ ni. Àwọn kan ń jí i. Òótọ́ ni, ìdí rẹ̀ sì nìyí tí Ààrẹ Tinubu fi fọwọ́ sí àṣẹ kan ní oṣù Okúdù 2024 tó sọ irú ohun èlò bẹ́ẹ̀ di dúkìá tí orílẹ̀-èdè gbọ́dọ̀ dáàbò bò. Ní ọjọ́ 14, oṣù Ẹrẹ́nà ọdún náà, àwọn okùn WACS, MainOne, ACE àti SAT-3 já pa pọ̀ lábẹ́ òkun nítòsí Abidjan, àwọn báńkì pàápàá kò lè ṣiṣẹ́. Kò sẹ́ni tó bá yín jà lórí ìyẹn.

Ṣùgbọ́n katakata kọ́ ló gba owó lórí ihò tó ti kún. Òkun Abidjan kọ́ ló ń ka ọgbọ̀n ọjọ́ sórí iná pupa. Ẹ sì yé fi NEPA tan wa jẹ: àpótí tó ń pín ìmọ́lẹ̀ lórí òpó kò jẹ iná mànàmáná kankan. Bí ọ́fíìsì yín bá ní iná, tí ilé wa náà sì ní ínfátà, kò sí ìdí tí NEPA àdúgbò yóò fi pa íntánẹ́ẹ̀tì.

Ohun tí a ń bèèrè

Kí ẹ tó gba kọ́bọ̀, ẹ sọ nọ́ńbà ihò tó jẹ́ tiwa fún wa. Kí oníṣẹ́ tó kúrò nílé, kó kọ ìwọ̀n ìmọ́lẹ̀ sílẹ̀, kí a jọ fọwọ́ sí i. Ọjọ́ tí íntánẹ́ẹ̀tì bá tàn ni kí oṣù bẹ̀rẹ̀. Kí ẹ san owó tó tó fún ẹni tó ń gun àkàbà, kó má baà máa tọrọ lẹ́nu ọ̀nà wa. Kí ẹ kọ iye dátà tí aláìlópin yín ti ń lópin sí ojú pátákó kan náà tí ẹ kọ iye owó sí.

Ẹ̀yin oníbàárà, ẹ má fọwọ́ sí ìwé kankan títí iná PON yóò fi dúró, tí ojú ewé kan yóò sì ṣí lórí fóònù yín. Ẹ tọ́jú nọ́ńbà ẹ̀sùn tí wọ́n bá fún yín lọ́jọ́ tí ẹ bá pè wọ́n. Òun ni NCC yóò kọ́kọ́ bèèrè bí ẹ bá pe 622, ọ̀fẹ́ sì ni ìpè náà.

Ẹ̀yin ilé-iṣẹ́, kò sí èyí tó nílò okùn tuntun lábẹ́ òkun nínú gbogbo ohun tí a bèèrè yìí. Ẹ fi èyí tó rọrùn jù bẹ̀rẹ̀ lọ́la: ẹ ṣí àkọsílẹ̀ yín, ẹ wo gbogbo ilé tó ti sanwó tí íntánẹ́ẹ̀tì kò dé, kí ẹ sì dá owó wọn padà kí wọ́n tó bèèrè.