Ọ̀dọ́ tó ń fọwọ́ ara rẹ̀ to mọ́tò: Àtẹ́wọ́ nìkan kò tó

Kò sí àdúgbò tí ọ̀dọ́ kan yóò ti wa ọkọ̀ tó fọwọ́ ara rẹ̀ tò jáde, tí èrò kò ní í pé lé e lórí. Àwọn ọmọdé á máa sáré tẹ̀lé e, àwọn àgbà á máa ṣàdúrà fún un, àwọn mìíràn á sì máa fi fóònù ya àwòrán. Ohun tó ń kọni lóminú ni pé, lẹ́yìn ariwo ọjọ́ yẹn, kì í pẹ́ tí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ fi ń di ibùsùn adìyẹ lẹ́yìnkùlé. Kì í ṣe pé ọgbọ́n kò sí. Ẹni tí yóò bá ọmọ náà yẹ iṣẹ́ rẹ̀ wò, tí yóò bá a tún un ṣe títí yóò fi yẹ lójú títì, ni kò sí.

Iṣẹ́ ọkọ̀ títò kì í ṣe àjèjì nílẹ̀ Yorùbá. Àgbà tó bá wọ bọ́lẹ̀kájà rí mọ̀ pé ẹ́ńjìnnì àti ṣáásì, ìyẹn irin ìsàlẹ̀ tí gbogbo ara ọkọ̀ jókòó lé, ni wọ́n máa ń kó wá láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, láti ilé iṣẹ́ bíi Bedford àti Austin. Àwọn káfíńtà ilẹ̀ yìí ló ń fi pákó kan ara rẹ̀, tí wọ́n ń to bẹ́ǹṣì sínú rẹ̀, tí àwọn akọ̀wé ara ọkọ̀ sì ń kọ òwe àti àdúrà sí iwájú orí rẹ̀. Irú ọkọ̀ wọ̀nyí ló kó iṣu, ẹ̀lùbọ́ àti èrò fún ọ̀pọ̀ ọdún. Káfíńtà tí kò dé ọgbà yunifásítì rí ló ń ṣe é, kò sì sí ẹni tó pè é ní idán.

Àwọn òyìnbó náà kò fi irú iṣẹ́ yìí sílẹ̀. Ní ọdún 1957, ilé iṣẹ́ Lotus ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbé ọkọ̀ kékeré kan jáde tó ń jẹ́ Lotus Seven. Ẹni tó bá fẹ́ lè rà á ní wẹ́wẹ́, kí ó kó irin, ẹ́ńjìnnì àti táyà rẹ̀ lọ sílé, kí ó sì tò ó pọ̀ fúnra rẹ̀. Láti ọdún 1973 ni ilé iṣẹ́ Caterham ti gba iṣẹ́ náà. Ṣùgbọ́n ìjọba ibẹ̀ kò kàn pàtẹ́wọ́ kí wọ́n lọ. Ọkọ̀ tí ẹnìkan bá tò nílé gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ lọ síwájú àwọn ayẹ̀wò ìjọba, tí wọn yóò wo búréèkì rẹ̀, iná rẹ̀, ìdè ìjókòó rẹ̀ àti èéfín rẹ̀. Láti ọdún 2009, IVA ni orúkọ àyẹ̀wò náà. Ọkọ̀ tó bá yege ni yóò gba nọ́ńbà.

Nàìjíríà pàápàá ti to ọkọ̀ ẹlẹ́wẹ́wẹ́ rí, lọ́nà tó tóbi. Láàárín ọdún 1970 sí 1980, Peugeot wà ní Kàdúná, Volkswagen wà ní Èkó, Leyland sì wà ní Ìbàdàn. Òkè òkun ni ọ̀pọ̀ ẹ̀yà ara ọkọ̀ ti ń wá, ọmọ Nàìjíríà ló ń tò ó. Nígbà tí owó ilẹ̀ òkèèrè di ọ̀wọ́n, iṣẹ́ dẹnu kọlẹ̀.

Ẹ̀kọ́ mìíràn wà nínú ọ̀rọ̀ Ọ̀mọ̀wé Ezekiel Izuogu. Ní ọdún 1997, ó gbé ọkọ̀ Z-600 jáde ní Owerri, Ọ̀gágun Ọládípọ̀ Diya sì ṣojú ìjọba àpapọ̀ níbẹ̀. Wọ́n pàtẹ́wọ́, wọ́n ṣèlérí owó, owó náà kò dé. Ní ọdún 2006, àwọn olè wọ ilé iṣẹ́ rẹ̀, wọ́n kó irinṣẹ́ tó fi ń rọ ẹ̀yà ọkọ̀ lọ. Ní ọdún 2014, Ṣẹ́gun Oyèyíọlá, akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀, tún Volkswagen ìjàpá ṣe kí ó lè máa lo agbára oòrùn àti afẹ́fẹ́. Ìròyìn rẹ̀ kárí ayé. Ìròyìn kò ṣòro. Ohun tó ń tẹ̀lé ìròyìn ló ṣòro.

Ibi tí iṣẹ́ pọ̀ sí gan-an ni àtúnṣe kéékèèké lẹ́yìn tí wọ́n bá ti to ọkọ̀ tán. Ẹ́ńjìnnì tó dún kì í ṣe ẹ́ńjìnnì tó yanjú. Bí mẹ́káníìkì bá tú púlọ́ọ̀gì, tí ẹnu rẹ̀ dúdú bí èédú, epo ti pọ̀ ju afẹ́fẹ́ lọ nínú káábúrétọ̀. Bó bá funfun, afẹ́fẹ́ ló pọ̀ jù, ooru sì lè ba ẹ́ńjìnnì jẹ́. Bí búréèkì bá rọ̀ bíi tìmùtìmù lábẹ́ ẹsẹ̀, ó ṣeé ṣe kí afẹ́fẹ́ ti wọ páìpù rẹ̀, dandan sì ni kí wọ́n lé e jáde. Ìwé lè sọ ìdí rẹ̀, ṣùgbọ́n ọwọ́ tó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ ló ń tètè mọ̀ ọ́n.

Ẹni tó bá mọ ọ̀nà Ọ̀yọ́ sí Ògbómọ̀ṣọ́, níbi tí tírélà àti ọkọ̀ èrò ti ń du ọ̀nà, tí ẹ̀mí sì ti ṣòfò lọ́pọ̀ ìgbà, kò ní í fojú kékeré wo ọ̀rọ̀ búréèkì. Ìwé ìlànà ìrìnnà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sọ pé ọkọ̀ tó ń sá kìlómítà 48 ní wákàtí kan yóò rìn tó mítà 23 kí ó tó dúró. Bí eré náà bá di ìlọ́po méjì, mítà 73 ni. Ọkọ̀ tí búréèkì rẹ̀ dá ṣáṣá nìyẹn o.

Àwọn kan yóò sọ pé kí ìjọba kúkú fòfin de irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, kí oníkálùkù lọ ra tọ́kúnbọ̀. Òótọ́ ni pé ẹ̀mí kò láàrọ̀. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá lé ọmọ kúrò nídìí iṣẹ́, òru ni yóò máa wa ọkọ̀ rẹ̀ jáde, ewu náà yóò sì wà síbẹ̀.

Ọ̀nà àbáyọ kò jìnnà. Yunifásítì LAUTECH ti wà ní Ògbómọ̀ṣọ́ láti ọdún 1990, wọ́n sì ń kọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ níbẹ̀. Mẹ́káníìkì àgbà wà ní Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́. Wẹ́dà tó lè jó irin ẹ̀rọ ìrin gbágùúdá, tí yóò so ẹ́ńjìnnì àti bẹ́líìtì mọ́ ọn, kò ṣòro láti rí. Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀. Ní Suame Magazine, ọgbà àwọn mẹ́káníìkì ní Kumasi, orílẹ̀-èdè Gánà, àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ àti òyìnbó ilẹ̀ Netherlands para pọ̀ to ọkọ̀ kan tó ń jẹ́ Turtle 1 ní ọdún 2013.

Kí yunifásítì náà ya ọjọ́ kan sọ́tọ̀ lẹ́ẹ̀kan lóṣù mẹ́ta, kí ó sì pe àwọn mẹ́káníìkì àgbà, òṣìṣẹ́ VIO àti àjọ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó, FRSC, síbẹ̀. Kí ọ̀dọ́ tó bá ti to ọkọ̀ gbé e wá sórí pápá, kì í ṣe sójú títì. Kí wọ́n dán búréèkì rẹ̀ wò, kí wọ́n kọ àléébù rẹ̀ sílẹ̀, kí wọ́n sì fún un láyè láti lọ tún un ṣe. Kí ìjọba Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ bá ìjọba àpapọ̀ sọ ọ́, kí èyí tó bá yege lè gba nọ́ńbà láìjẹ́ pé wọ́n ń béèrè ìwé kọ́sítọ́ọ̀mù lọ́wọ́ ọkọ̀ tí kò gba ojú omi wá.

Ọmọ tó bá jókòó ti irin láti àárọ̀ di alẹ́, dípò kí ó máa wá ọ̀nà ẹ̀bùrú là, ti ṣe ìdajì iṣẹ́. Ìdajì tó kù wà lọ́wọ́ àwọn àgbà.