Ó Yẹ Kí Àwọn Ọ̀gá Ọlọ́pàá Padà Sí Ilé-Ẹ̀kọ́

Kì í ṣe ọrọ̀ nìkan ni wúrà mú wá sí Ìtagunmodi ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà. Àwọn awakùsà ti ọ̀nà jíjìn wá, oko kòkó ẹlòmíràn di kòtò, omi odò sì di ẹrẹ̀. Bí ìjà bá dé láàárín àgbẹ̀ àti awakùsà, ọlọ́pàá ni a ń sáré pè. Ǹjẹ́ a ti kọ́ ọ̀gá tí ń ṣàkóso àgọ́ ọlọ́pàá ní bí a ti í parí irú ọ̀ràn bẹ́ẹ̀?

Òfin ìwakùsà ti ọdún 2007 fi ohun àlùmọ́nì sí ọwọ́ ìjọba àpapọ̀. Òfin kan náà ni ó sọ pé ẹni tí a ba ohun ọ̀gbìn rẹ̀ jẹ́ ní ẹ̀tọ́ láti gba owó gbà-má-bínú. Ọ̀gá tí ó mọ apá kìn-ín-ní, tí kò mọ apá kejì, yóò ka àgbẹ̀ tí ń pariwo sí arúfin, yóò sì tì í mọ́lé. Ìbọn kọ́ ni irú ọ̀gá bẹ́ẹ̀ ṣe aláìní, òye ni.

A mọ̀ pé ilé-ẹ̀kọ́ wà fún àwọn ọ̀gá ọlọ́pàá ní ìlú Jos. Ní Amẹ́ríkà pẹ̀lú, láti ọdún 1935 ni ilé-ẹ̀kọ́ àwọn FBI ti ń gba àwọn tí wọ́n ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́. Ọ̀sẹ̀ 10 ni wọ́n ń lò níbẹ̀ nísinsìnyí. Wọn kò kà á sí ìtìjú pé kí àgbàlagbà tún di akẹ́kọ̀ọ́. Ẹ̀yin olùkọ́ ẹ mọ èyí dájú: ẹni tí ó mọ ìṣirò kọ́ yorí lè ṣàìmọ bí a ti ń ṣàkóso ilé-ìwé.

Àwọn kan yóò wí pé owó oṣù àti ibùgbé tí ó dára ni kí a kọ́kọ́ fún ọlọ́pàá. Òtítọ́ ni wọ́n sọ, a kò sì jiyàn. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn ọ̀dọ́ tú sí ìgboro ní oṣù kẹwàá ọdún 2020 nítorí ìwà àwọn SARS, kì í ṣe owó oṣù ni wọ́n ń bínú sí. Ọmọ abẹ́ ni ó hùwà ìkà, ọ̀gá ni kò bá a wí.

Gómìnà Ọ̀ṣun kò ní àṣẹ lórí ètò ẹ̀kọ́ ọlọ́pàá. Àbújá ni àṣẹ náà wà. Nítorí náà, àwọn aṣòfin tí a dìbò yàn lọ sí Àbújá ni a ń ké sí. Kí wọ́n ṣe é ní òfin pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gba àkóso àgọ́ kan kí ó tó kẹ́kọ̀ọ́ ìṣàkóso yege. Kí ẹ̀kọ́ òfin ilẹ̀ àti ìwakùsà wà níbẹ̀ fún àwọn tí a ó rán sí irú agbègbè bí tiwa, kí a sì pe àwọn ọba, àgbẹ̀ àti olùkọ́ láti bá wọn sọ̀rọ̀. Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́, ẹ bi àwọn aṣojú yín léèrè ọ̀rọ̀ yìí kí ìbò tó dé.

Ohun tí a ń fẹ́ kò pọ̀: kí àgbẹ̀ Ìtagunmodi lè wọ àgọ́ ọlọ́pàá lọ fẹjọ́ sùn, kí ó sì padà sílé rẹ̀ ní àlàáfíà.