Ọ̀nà kan ò wọjà, ṣùgbọ́n ọjà kan náà ni

1.
Ẹ fa àga, ẹ jókòó, ọ̀rọ̀ yìí máa gùn díẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń ka visual novel lórí fóònù títí ilẹ̀ á fi mọ́, ẹ̀yin ni mo ń bá sọ̀rọ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń kọ ọ́, ẹ tún sún mọ́ mi dáadáa, torí ẹ̀yin gan-an ni mo wá bá jà.

2.
Ohun tó ń bí mi nínú nìyí. Àwọn òǹkọ̀wé kan gbà pé tí ìtàn bá ti lè yà sí ọ̀nà mẹ́ta mẹ́rin, àyè ti gbà wọ́n láti sọ ohun tó bá ṣáà ti wá sí wọn lẹ́nu. Ní ọ̀nà kìíní, bàbá ọmọbìnrin náà ti kú kí ìtàn tó bẹ̀rẹ̀. Ní ọ̀nà kejì, bàbá yìí kan náà ló ń pè é lórí fóònù pé kó ra búrẹ́dì bọ̀. Tó o bá bi wọ́n, wọ́n á ní "ọ̀nà ọ̀tọ̀ nìyẹn, ayé ọ̀tọ̀ ni." Rárá o. Ọ̀lẹ ni.

3.
Fún ẹni tí ò tíì kà á rí: visual novel jẹ́ ìtàn tí à ń kà pẹ̀lú àwòrán àti orin. Tí ó bá dé ibì kan, ìtàn á dúró, á bi ọ́ pé: kí lo fẹ́ ṣe? Ohun tó o bá yàn ló máa gbé ọ gba ọ̀nà kan. Tó o bá parí, o lè padà sẹ́yìn lọ yan òmíràn. Ìdí nìyẹn tí ẹnì kan fi lè ka ìtàn kan ní ìgbà márùn-ún kó sì pàdé òpin márùn-ún.

4.
Òfin tèmi ò ju ẹyọ kan lọ: ohun tó o bá yàn lè yí ọ̀la padà, kò lè yí àná padà.
Tí mo bá jáde láàárọ̀ yìí, mo lè wọ dánfó, mo lè gun ọ̀kadà. Tí mo bá wọ dánfó, mo lè pàdé ọ̀rẹ́ mi àtijọ́. Tí mo bá gun ọ̀kadà, òjò lè pa mí. Gbogbo ẹ̀ ló ṣeé ṣe. Ṣùgbọ́n kò sí ọkọ̀ tí mo lè wọ̀ láàárọ̀ yìí tó máa sọ pé ìlú tí wọ́n bí mi sí kọ́ ni wọ́n bí mi sí.

5.
Àwọn àgbà ní ọ̀nà kan ò wọjà. Òótọ́ ni. Ẹ gba ọ̀nà òkè, ẹ gba ọ̀nà ìsàlẹ̀, kò kàn mí. Ṣùgbọ́n tá a bá dé ọjà, ìyá aláta kan náà ló yẹ ká jọ bá níbẹ̀. Tí èmi bá bá a nídìí ata, tí ìwọ bá a nídìí aṣọ, tó sì ń búra fún ọ pé òun ò ta ata rí láyé òun, ọjà méjì la lọ nìyẹn. Ẹ má pè é ní ọ̀nà méjì mọ́.

6.
Ẹ jẹ́ n fi ẹni tó ṣe é dáadáa hàn yín. (Mo fẹ́ tú àṣírí o. Tó ò bá tíì ka Fate/stay night, fo èyí àti 7.)
Oṣù kìíní ọdún 2004 ni Type-Moon gbé e jáde ní Japan, Kinoko Nasu ló kọ ọ́. Ọ̀nà mẹ́ta ló ní: Fate, Unlimited Blade Works, àti Heaven's Feel. O ò lè fò wọ́n. O gbọ́dọ̀ parí ti àkọ́kọ́ kí èkejì tó ṣí, kó o parí èkejì kí ẹ̀kẹta tó ṣí.
Ọmọbìnrin kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ Sakura. Ní ọ̀nà àkọ́kọ́, ó máa ń wá dáná fún Shirou láràárọ̀. Á rẹ́rìn-ín músẹ́, á bu oúnjẹ, wọ́n á jọ lọ sílé ìwé. O máa rò pé ọmọ jẹ́jẹ́ kan lásán ni. O máa kọjá lára ẹ̀, wàá lọ bá àwọn tó ń fi idà jà.

7.
Ó wá di ọ̀nà kẹta. Ibẹ̀ lo ti máa mọ̀ pé ilé tó gbà á tọ́ ti ń fìyà tí ẹnu ò lè sọ jẹ ẹ́ láti kékeré. Ohun tó wá dá mi dúró nìyí: ìyà yẹn ò bẹ̀rẹ̀ ní ọ̀nà kẹta. Ó ti wà ní ọ̀nà kìíní. Ó ti wà ní ìkejì. Láàárọ̀ tó ń bu oúnjẹ fún ọ, tó ń rẹ́rìn-ín, ó wà níbẹ̀. Ìwọ lo ò wo ibẹ̀.
Nígbà tí mo padà lọ ka ọ̀nà kìíní, mi ò lè ka àwọn àárọ̀ yẹn bí mo ṣe kà wọ́n tẹ́lẹ̀ mọ́. Nasu ò yí ọ̀rọ̀ kan padà níbẹ̀. Ojú mi ló yí padà.

8.
Ìdí tí mo fi ń pariwo nìyí, ẹ jọ̀ọ́ ẹ gbọ́. Ìyà ẹnì kan ò bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ tí èmi ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i. Gbogbo wa la mọ ẹni tá a jọ wà ní kíláàsì, tá a jọ ń ṣe yẹ̀yẹ́, tó jẹ́ pé ẹ̀yìn ọdún márùn-ún la tó gbọ́ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nílé wọn nígbà yẹn.
Tí òǹkọ̀wé bá kọ ìtàn tí ìyà ọmọ náà wà nígbà tí mo bá yàn án nìkan, tó sì pòórá nígbà tí mo bá yan ẹlòmíì, ohun tó ń kọ́ mi ni pé èèyàn ò sí àyàfi tí èmi bá ń wò ó. Ẹ̀kọ́ burúkú ni. Ìran wa ti ń gbọ́ ọ tó lórí fóònù tẹ́lẹ̀.

9.
Mo ka kan lọ́dún tó kọjá, mi ò ní dárúkọ ẹ̀. Ọmọbìnrin kan níbẹ̀ ń ṣàìsàn tó máa pa á. Mo sunkún lórí ọ̀nà tiẹ̀ débi pé bọ́tìnnì ò ṣeé tẹ̀ mọ́. Mo wá padà sí àwọn ọ̀nà yòókù láti lọ wá àmì: bóyá ó máa ń rẹ̀ ẹ́, bóyá ó máa ń pa ilé ìwé jẹ, bóyá ó ń fi oògùn pamọ́. Kò sí nǹkan kan. Ó ń sáré gun òkè. Ó gba ẹ̀bùn nínú eré ìje! Kì í ṣe pé ó ń fi pamọ́ o. Òǹkọ̀wé ló gbàgbé pé ọmọ náà ń ṣàìsàn. Ẹkún tí mo sun wá di ẹkún òṣì.

10.
Àwọn tó dáa náà máa ń kọsẹ̀. Katawa Shoujo jáde lóṣù kìíní ọdún 2012, ọ̀fẹ́ ni. Àwọn èèyàn tó pàdé ara wọn lórí íntánẹ́ẹ̀tì ló ṣe é, wọ́n pe ara wọn ní Four Leaf Studios. Ọ̀nà márùn-ún, òǹkọ̀wé sì yàtọ̀ láti ọ̀nà dé ọ̀nà. Mo fẹ́ràn ẹ̀ gan-an. Ṣùgbọ́n Hisao, ọmọkùnrin tí gbogbo ọ̀nà yẹn jẹ́ tiẹ̀, àìsàn ọkàn ló gbé e dé ilé ìwé yẹn. Ní ọ̀nà kan, ọkàn yẹn ń dún ní gbogbo ojú ewé. Ní òmíràn, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dà bí ẹni pé ó ti sàn. Lójú tèmi, kì í ṣe Hisao kan náà ló ń rin ọ̀nà márààrún. Tí ọwọ́ bá pọ̀ lórí iṣẹ́, ẹnì kan gbọ́dọ̀ máa wo gbogbo ẹ̀ pọ̀.

11.
Mo mọ̀ pé ẹnì kan ti ń tẹ èsì lọ́wọ́: "Steins;Gate ńkọ́? Ṣé ayé tó ń yí padà kọ́ nìyẹn?"
Ó káre, jẹ́ ká lọ síbẹ̀. Ọdún 2009 ló jáde. Lóòótọ́, àná máa ń yí padà nínú ẹ̀. Ṣùgbọ́n báwo? Okabe àtàwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀ fi máíkírówéèfù àti fóònù ránṣẹ́ sí àná. O lè nawọ́ sí àtẹ̀jíṣẹ́ kọ̀ọ̀kan kó o sọ pé: èyí ló yí tibí padà. Okabe nìkan ló rántí bí nǹkan ṣe wà tẹ́lẹ̀, ìrántí yẹn sì fẹ́rẹ̀ẹ́ ya á ní wèrè. Ìtàn yẹn san owó ohun tó rà.
Tìẹ ńkọ́? Ta ló yí àná padà nínú tìẹ? Ẹni tó bá ní àná ti yí, kó fi ọwọ́ tó yí i hàn wá.

12.
Bẹ́ẹ̀ náà ni Virtue's Last Reward ti Kotaro Uchikoshi, 2012. Wọ́n ya àwòrán gbogbo ọ̀nà sílẹ̀ fún ọ láti máa fò láti ibì kan dé ibòmíràn. Tó o bá dé ibi tí ọ̀nà ti dí, ó lè jẹ́ ọ̀nà mìíràn lo ti máa rí ọ̀rọ̀ àṣírí tó máa ṣí i. Bí ẹnì kan ṣe lè mọ ohun tí kò tíì gbọ́ ní ọ̀nà tó wà, ìyẹn gan-an ni ìtàn náà ń wádìí. Ṣé ẹ rí i? Àwọn tó fẹ́ràn ayé púpọ̀ jù lọ ni wọ́n ń ṣírò jù lọ. Ẹ yé fi orúkọ wọn bo ọ̀lẹ mọ́lẹ̀.

13.
Ẹlòmíì á ní, "Kamaitachi no Yoru sọ ìtàn ìpànìyàn kan náà di ti iwin àti ti amí." Bẹ́ẹ̀ ni, Chunsoft, 1994. Ilé àlejò kan nínú yìnyín, wọ́n pa èèyàn, o máa wá apànìyàn. Ṣùgbọ́n àwọn ìtàn iwin àti amí yẹn, ẹ̀yìn tó o bá ti yanjú ti gidi ni wọ́n ń ṣí. Eré ni, wọ́n sì jẹ́ kó o mọ̀ pé eré ni. Bí àpàlọ́ bá ní òun fẹ́ tún àlọ́ pa lọ́nà mìíì, kò sẹ́ni tó máa bá a jà. Ẹni tó ń pa àlọ́ kan ṣoṣo, tí Ìjàpá kú ní àárín ẹ̀, tí Ìjàpá tún ń jẹun ní ìparí, àwọn ọmọdé gan-an ló máa kọ́kọ́ dá a dúró.

14.
Ẹ wá wo Hakuoki, 2008, èyí táwọn obìnrin inú wa mọ̀ dáadáa. Chizuru lọ wá bàbá ẹ̀ ní Kyoto, ó bọ́ sáàárín àwọn ọmọ ogun Shinsengumi. O lè yan ẹni tó wù ọ́ nínú wọn. Ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni tó o bá yàn, ọdún 1868 máa dé, wọ́n máa jagun ní Toba àti Fushimi, ẹgbẹ́ tí wọ́n ń jà fún sì máa pàdánù, bó ṣe rí nínú ìtàn Japan gan-an. Ìfẹ́ lè yí òpin ẹnì kan padà. Kò lè yí òpin ogun padà. Ibi tí ò ṣeé sún yẹn ló jẹ́ kí ìfẹ́ náà wúwo. Tí gbogbo nǹkan bá ṣeé yí, kí ni mo wá ń bẹ̀rù nígbà tí mo bá ń yàn?

15.
"Àmọ́ kò sẹ́ni tó ń ka gbogbo ọ̀nà." Èyí ló dùn mí jù. Ṣé torí ẹni tí ò ní yẹ̀wù wò lo ṣe fẹ́ fi ìdọ̀tí síbẹ̀? Àwọn tó fẹ́ràn iṣẹ́ rẹ jù lọ ló ń ka gbogbo ẹ̀. Àwọn ló ń fi dátà wọn àti oorun wọn padà wá. Ìwọ wá lọ dẹ pàkúté irọ́ sílẹ̀ de àwọn gan-an. Ẹni tí ò bìkítà á ka ọ̀nà kan, á lọ. Ẹni tó fẹ́ràn rẹ lo máa ń dójú tì.

16.
Mi ò sọ pé mo mọ́ o. Àwa mẹ́ta la jọ ń kọ tiwa pẹ̀lú Ren'Py. Mo ti kọ ọ́ ní tèmi pé ṣọ́ọ̀bù ìyá aránṣọ jóná lọ́dún méjì sẹ́yìn. Ọ̀rẹ́ mi kọ ọ́ ní tiẹ̀ pé ọmọ náà lọ ra òwú níbẹ̀ lánàá. Àbúrò mi ọmọ ọdún mẹ́tàlá ló kà á tó bi wá pé, "Ṣé nínú eérú ló ti ra òwú ni?" A ò rí èsì fọ̀. Ojú tì wá gan-an.

17.
Ohun tá a ṣe lẹ́yìn ìyẹn nìyí, ẹni tó bá wù kó mú un:
Ìkíní, a ní fáìlì kan tó ń jẹ́ OHUN TÍ KÌ Í YÍ. Ọjọ́ ìbí, ẹni tó ti kú, ẹni tó jẹ owó, ẹni tó mọ àṣírí wo àti ọjọ́ tó mọ̀ ọ́n. Ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn án láìsọ fún àwọn tó kù.
Ìkejì, gbogbo ohun tó ṣẹlẹ̀ kí òǹkàwé tó yan nǹkan àkọ́kọ́, a ò gbọ́dọ̀ fún un ní "if" nínú kóòdù. Tó bá ti ní "if", a ti gbà pé ó lè yí nìyẹn.
Ìkẹta, Lint inú Ren'Py máa sọ fún ọ tí àwòrán bá sọnù tàbí tí kóòdù bá wọ́. Kò ní sọ fún ọ pé o ti jí òkú dìde. Èèyàn gidi ló gbọ́dọ̀ kà á, ọ̀nà kan tẹ̀ lé òmíràn, lọ́jọ́ kan náà tó bá ṣeé ṣe.

18.
Ti ìwà náà wà níbẹ̀. Ojo lè di akọni ní ọ̀nà kejì, mo fara mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n jẹ́ kí n rí ohun tó ti í níbẹ̀ tí kò tì í ní ọ̀nà kìíní. Bí kò bá sí nǹkan tó ti í, ẹni méjì lo kọ, o kàn fún wọn ní ojú kan náà.

19.
Kó o tó gbé tìẹ jáde, ṣe ìdánwò yìí. Mú ẹni tí òǹkàwé ò yàn. Bi ara rẹ: ní alẹ́ ọjọ́rú, nígbà tí akọni wà lọ́dọ̀ ẹlòmíì, níbo lẹni yìí wà? Ta ló wà lọ́dọ̀ ẹ̀? Kí ló ń ṣe é? Tó ò bá lè dáhùn, o ò tíì kọ ọ́ tán. Padà sídìí ẹ̀.

20.
Mo ti sọ tèmi. Tó o bá fẹ́ bá mi jà, wá, ṣùgbọ́n mú àpẹẹrẹ dání. Tó o bá sì mọ èyí tó ṣe é dáadáa tí mi ò dárúkọ, jọ̀ọ́ kọ ọ́ sábẹ́ ibí. Mo ní àkókò lópin ọ̀sẹ̀ yìí, dátà mi sì ṣì kù.